Láìnì Màmá Tíṣà

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó nídìí bọ́ọ̀dù ní ilé tẹlifóònù ìlú Ẹdẹ. Ẹni tí kò bá mọ ayé ìgbà náà lè rò pé iṣẹ́ ìjókòó lásán ni. Bọ́ọ̀dù náà ga tó èèyàn tó dúró. Ihò kéékèèké wà lójú rẹ̀, ihò kan fún ilé kọ̀ọ̀kan tó ní tẹlifóònù, iná kékeré kan sì wà lókè ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá gbé fóònù nílé rẹ̀, iná tirẹ̀ á tàn níwájú mi. Màá ki okùn bọ ihò náà, màá ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?" Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, màá ki orí okùn kejì bọ ihò ẹni tí wọ́n ń wá. Bó bá jẹ́ Òṣogbo tàbí Ìbàdàn ni wọ́n ń pè, màá fi wọ́n sórí ọ̀kan nínú àwọn wáyà tó gba ẹ̀gbẹ́ rélùwéè jáde nílùú. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ òkú, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá.

Kólòlò ni mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bí mo bá fẹ́ pe orúkọ ara mi, ẹnu mi á há. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, obìnrin kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Màmá Tíṣà, ni kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rí títí. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, Áńgílíkà làwa ń lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá mi, wọ́n ní, "Ẹ fi ahọ́n ọmọ yìí sílẹ̀ fún mi." Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń mú mi jáde síwájú ilé-ìwé láti ka Bíbélì. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, Màmá Tíṣà á kàn wò wọ́n, ibẹ̀ á sì pa lọ́lọ́. Bí mo bá há síbi ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á dúró tì mí títí ọ̀rọ̀ náà á fi jáde, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ọdún méjì ni a fi ṣe é. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ tẹlifóònù, iṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹnu lèèyàn fi ń ṣe é, ìyá mi di ẹyin sínú agbọ̀n, ó gbé e lọ fún wọn, ó sì dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Màmá Tíṣà bí. Ọkùnrin ni, kíláàsì kan náà lèmi pẹ̀lú rẹ̀ wà. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé rélùwéè, ló fi tẹlifóònù sílé kó tó kú. Nígbà tí mo dàgbà dé ìdí bọ́ọ̀dù, Màmá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, àwọn nìkan ló sì ń gbé ilé náà ní Òkè Gàdà.

Ìjọba ológun ló wà lórí wa nígbà náà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ajé orílẹ̀-èdè ń fẹ́ àtúnṣe, àtúnṣe náà la ń pè ní Sáàpù. Ohun tí ojú wa rí nínú rẹ̀ kò kéré. Búrẹ́dì di oúnjẹ ọdún. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìlú Sekona ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á gbé bàtà dání kó má baà tètè jẹ. Ilé iṣẹ́ tí ọmọ Màmá Tíṣà ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn kógbá sílé, òun náà bá àwọn tó ń sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ. Iṣẹ́ abọ́ fífọ̀ ló rí níbẹ̀. Gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, á pe ìyá rẹ̀. Èmi ni mo sábà máa ń so wọ́n pọ̀. Á kọ́kọ́ bá mi ṣeré díẹ̀, á ní, "Ìwọ kólòlò yìí, o ṣì wà níbẹ̀?" Èmi náà á ní, "Ìwọ afọbọ́ yìí, o ò tíì fọ̀ ọ́ tán?" Lẹ́yìn náà màá fún un ní ìyá rẹ̀, màá sì yọ etí mi kúrò.

Nígbà tó yá, Sáàpù kan ilé tẹlifóònù. Mẹ́fà làwa obìnrin tó ń jókòó nídìí bọ́ọ̀dù. Wọ́n dá mẹ́rin dúró láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ku èmi àti ẹnì kan. Ìwé ìdádúró náà kan bàbá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe pẹ̀lú. Ẹnjiníà la ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀. Ọmọ Alajue ni wọ́n, ìdílé olórìṣà. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ wá síṣẹ́, wọn kì í sì í fi ẹmu kan ẹnu. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wọn láti fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èmi ni wọ́n yàn.

Ẹnjiníà mú mi lọ sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, níbi tí wáyà ti pọ̀ bí irun orí, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

"Wo ibí," wọ́n ní. "Láìnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà mẹ́ta lo lè gbà tò ó. Àkọ́kọ́ ni gbà-kí-o-pè. Ẹni tó ni ín lè pe ibi tó bá wù ú, ẹnikẹ́ni sì lè pè é. Ìkejì ni ìlú-nìkan. Bó bá gbé fóònù, iná rẹ̀ á tàn níwájú rẹ, wàá dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò lè bọ́ sórí wáyà Òṣogbo. Ẹ̀kẹta ni gbà-nìkan. O rí píìnì kékeré yìí? Bí o bá yọ ọ́, fóònù rẹ̀ á máa dún bí wọ́n bá pè é. Ṣùgbọ́n bí òun bá gbé e láti pè, iná rẹ̀ ò ní í tàn. O ò tiẹ̀ ní í mọ̀ pé ó gbé e."

Mo bi wọ́n pé, "Èwo ló yá jù, sà?"

Wọ́n yí tọ́ọ̀ṣì kúrò lára wáyà, wọ́n wo ojú mi. "Gbà-nìkan ni. Kí o fọwọ́ yọ píìnì, ó parí. Ti ìlú-nìkan, o ní láti fi lẹ́ẹ̀dì, òjé yíyọ́ tí a fi ń lẹ wáyà pọ̀, jó o síbi méjì, ó lè gbà tó ìdajì wákàtí. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Má to ẹni tó ń dá gbé sí gbà-nìkan láé. Bí nǹkan bá ṣe é nínú ilé, ta ló máa gbọ́?"

Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, wọ́n nu gbogbo irinṣẹ́ mọ́, wọ́n tò ó sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ Alajue. Kò sẹ́ni tó ṣe ìdágbére fún wọn ju àwa méjì lọ.

Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ìwé dé láti Ìbàdàn. Nínú wáyà mẹ́fà tó jáde nílùú wa, mẹ́ta ti kú, òkè òkun sì ni ohun tí wọn ó fi tún un ṣe ti ń wá. Nítorí náà, láìnì ilé aládàáni kankan kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí wáyà tó jáde nílùú mọ́. Àgọ́ ọlọ́pàá, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì ìjọba nìkan ló lè pè síta. Ìwé náà kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá to gbogbo wọn sí ìlú-nìkan, mo ti ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe.

N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láìnì aládàáni mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lọ́wọ́ mi, lẹ́ẹ̀dì sì ti tán nínú dúrọ́ọ̀. Bó tilẹ̀ wà, ó ti rẹ̀ mí. Èmi àti ẹnì kejì mi ń ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́fà, iná bọ́ọ̀dù ń tàn mí lójú kódà bí mo bá dijú nílé. Mo rò ó pé bí iná wọ̀nyí bá dínkù, màá rí àyè mí èémí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, mo lọ sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, mo yọ píìnì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sínú agolo mílíìkì. Nígbà tí mo dé orí ti Màmá Tíṣà, mo rántí ohun tí Ẹnjiníà sọ. Mo ní nínú ọkàn mi pé bí lẹ́ẹ̀dì bá dé, tiwọn ni màá kọ́kọ́ ṣe. Mo sì yọ ọ́.

Bọ́ọ̀dù dákẹ́ lọ́jọ́ kejì. N kò ní í purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Màmá Tíṣà fúnra wọn fẹsẹ̀ rìn wá sí káńtà wa. Wọ́n wọ búlọ́ọ̀sì funfun, wọ́n mú agboòrùn dání. Wọ́n kọ́kọ́ sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, mo gbé fóònù mi títí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn."

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, "Àṣẹ ló wá láti òkè, mà. Gbogbo ilé ló kàn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá pè yín, ẹ ó máa gbọ́ ọ."

"Ìyẹn ò burú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ ara mi ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ń dà mí láàmú. Dókítà ní kí n má ṣe wà níbi tí n ò ti ní í rí ẹni pè. N ò fẹ́ pe Ìbàdàn, n ò fẹ́ pe Èkó. Bí mo bá sáà lè gbé e kí ìwọ gbọ́ mi, ó ti tó."

Ohun tí wọ́n ń béèrè gan-an ni ọ̀nà kejì. Kò lòdì sí àṣẹ kankan. Kódà mo lè dìde lójú ẹsẹ̀ kí n dá píìnì wọn padà títí lẹ́ẹ̀dì á fi dé, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìwé ìdádúró ń bà mí. Ọkọ mi ò rówó oṣù gbà fún oṣù mẹ́rin. Mo ní, "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mà."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Wọ́n mi orí. "Ó dáa. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín." Wọ́n yọ ọsàn méjì nínú báàgì wọn fún mi, wọ́n ṣí agboòrùn wọn, wọ́n lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, lẹ́ẹ̀dì ò dé. Nígbà tó fi máa dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti lọ, ìwọ̀nba tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ kò lè ju láìnì mẹ́fà lọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, kọngilá kan ti ń wá pariwo lé mi lórí ní káńtà. Ọlọ́jà aṣọ kan ti ní òun máa fi ẹjọ́ mi sun ọ̀gá ológun kan tí òun mọ̀. Mo fi lẹ́ẹ̀dì náà ṣe tàwọn méjèèjì yìí àti tàwọn mẹ́rin mìíràn tó ń pariwo bíi tiwọn. Màmá Tíṣà kò padà wá. Wọn ò pariwo. Mo fi tiwọn sẹ́yìn.

Àkókò òjò ni. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù dé, èmi ni mo wà níṣẹ́. Ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, òṣìṣẹ́ Òṣogbo sọ sí mi létí pé, "Ẹdẹ, Lọ́ńdọ̀nù rèé," mo sì gbọ́ ohùn ọmọ Màmá Tíṣà.

"Kólòlò! Báwo lòjò yín ibẹ̀ yẹn?"

"Ó ń rọ̀ ṣáá. Dúró kí n pè wọ́n fún ẹ."

Mo ki okùn bọ ihò Màmá Tíṣà. Bí fóònù bá wà lórí ìjókòó rẹ̀, iná okùn mi á tàn, á máa tàn títí ẹni náà á fi gbé e. Lọ́jọ́ yẹn kò tàn rárá. Ìyẹn ni pé ẹnì kan ti gbé fóònù náà kí n tó pè é. Mo rò pé wọ́n ti ń retí ni. Mo ní, "Màmá, ọmọ yín rèé o."

Kò sí ìdáhùn. Mo ń gbọ́ òjò lórí páànù wọn. Mo ń gbọ́ aago ara ògiri wọn. Ọmọ wọn ní, "Màmá? Màmá?" Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ mímí kan, ó jìnnà sí ẹnu fóònù, ó ń dún bí ẹni tó ń hanrun.

Mo ní, "Gbé e sílẹ̀, pè mí padà lọ́sàn-án. Mò ń lọ síbẹ̀."

"Kí ló dé? Kí lo gbọ́?"

"Pè mí padà."

Mo já okùn, mo bọ́ sóde. Láti ìgbà tí mo ti wà níṣẹ́ náà, n kò fi bọ́ọ̀dù sílẹ̀ rí láìsí ẹni tó jókòó tì í. Mo dá olùkọ́ kan tó gun alùpùpù dúró nínú òjò, mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé mi lọ sí Òkè Gàdà. Inú ni wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn. Káfíńtà kan ní ṣọ́ọ̀bù lójúde wọn. Ó ní, "A ò rí wọn láti ọ̀sán àná. A rò pé wọ́n bá àwọn obìnrin ìjọ wọn lọ sí ìpàdé ní ìlú Ara ni." Òun ló fi òòlù já ìlẹ̀kùn.

Ilẹ̀ pálọ̀ ni wọ́n wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì fóònù. Ẹnu fóònù fi wáyà rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn. Apá ọ̀tún wọn kò mira mọ́, ẹnu wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ojú wọn là. Nínú kíṣìnnì, sítóòfù ti jó gbẹ, ẹ̀wà inú ìkòkò ti di èédú. Ẹ̀wà ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni. Èmi gan-an ni mo wà nídìí bọ́ọ̀dù lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ẹ̀pà ni mò ń jẹ. Mo rántí pé bọ́ọ̀dù dákẹ́ lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn.

A fi mọ́tò akẹ́rù gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní ká lọ ra abẹ́rẹ́ àti òwú wá, nítorí kò sí nílẹ̀. Káfíńtà ló sáré lọ rà á. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní rọpárọsẹ̀ ni, ó sì bi wá pé ìgbà wo ló ti ṣe wọ́n. Nígbà tí mo sọ fún un, ó kàn mi orí, ó sì kọjú sí ìwé rẹ̀.

Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì wọn. Ó pẹ́ díẹ̀, Màmá Tíṣà ṣíjú, wọ́n wò mí. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn, wọ́n ká ìka wọn jọ, wọ́n gbé e sí etí, bí ẹni ń gbọ́ fóònù. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bóyá ọmọ wọn ni wọ́n ń béèrè. Bóyá wọ́n ń sọ fún mi pé àwọn pè mí. Mo di ọwọ́ náà mú, mo ní, "Mo gbọ́ yín, mà." Irọ́ ni. N kò gbọ́ wọn, ohun tí mo ṣe ni kò jẹ́ kí n gbọ́. Títí dòní n kò mọ èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ń sọ.

Ọmọ wọn pè padà lọ́sàn-án, mo ti padà sídìí bọ́ọ̀dù. Mo sọ ibi tí wọ́n wà fún un. Ó ní, "Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn ò pè yín ni?"

Kólòlò mi padà wá. Ọ̀rọ̀ náà há sí mi lẹ́nu, ọmọ Màmá Tíṣà sì dúró dè mí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí ó jáde, kì í ṣe òótọ́ ló jáde. Mo ní, "Òjò ba láìnì jẹ́."

"Òjò," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìdájí ọjọ́rú ni Màmá Tíṣà kú.

Ọmọ wọn kò lè wálé. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò pé, bó bá jáde, wọn ò ní í jẹ́ kó wọlé mọ́. Ó bẹ̀ mí pé bí wọ́n bá ń ṣe ìsìn nínú pálọ̀ kí wọ́n tó gbé òkú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú náà, mo ti píìnì wọn padà sáyè, mo so láìnì náà mọ́ ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta tó kù, mo sì dì í mú fún odidi ìsìn. Òṣogbo ń bínú, àgọ́ ọlọ́pàá ń tan iná, mo ní kí wọ́n dúró. Káfíńtà ló gbé ẹnu fóònù sókè láàárín pálọ̀. Wọ́n ń kọrin, mo sì gbọ́ ọmọ wọn tó ń gbe orin náà nísàlẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ohùn rẹ̀ ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tiwọn. Wọ́n á ti parí ẹsẹ kan kí tirẹ̀ tó dé. Bẹ́ẹ̀ ló ń sáré bá wọn títí wọ́n fi gbé pósí jáde, tí pálọ̀ ṣófo, tí òun nìkan wá kù tó ń kọrin.

Kúẹ́rì dé láti Ìbàdàn nítorí bọ́ọ̀dù tí mo fi sílẹ̀ àti wáyà tí mo dì mú. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa píìnì.

Mo wọkọ̀ lọ sí Alajue ní ọjọ́ Àìkú. Ẹnjiníà wà lóko, wọ́n ń kọ ebè. Mo kúnlẹ̀ láàárín ebè méjì, mo rò gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n kọ́kọ́ kọ ebè kan parí.

"Mo sọ fún ẹ," wọ́n ní.

"Ẹ sọ fún mi, sà."

"Ó ṣẹ́ ku mélòó tó ṣì wà ní gbà-nìkan?"

"Mẹ́rìnlélógún, sà."

"O sì wà níbí, ò ń kúnlẹ̀."

Wọ́n gbé ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n mú róòlù lẹ́ẹ̀dì kan tí wọ́n ní nílé jáde. Wọ́n tẹ̀ lé mi wá sí Ẹdẹ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì ni a fi jó wáyà, láìnì kan tẹ̀ lé òmíràn, wọn ò sì bá mi sọ ju "mú tọ́ọ̀ṣì dáadáa" lọ. Nígbà tí a parí, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n padà sí oko wọn. Wọn kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi, kódà owó ọkọ̀.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ọdún tó yí. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé etí ló ń dùn mí.

Àwọn ológun ti lọ tipẹ́ kí ọmọ Màmá Tíṣà tó rí ọ̀nà wálé. Ó bá mi nílé láàárọ̀ ọjọ́ kan, irun rẹ̀ ti funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Mo gbé omi fún un, ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Lẹ́tà kan wà tí Màmá kọ sí mi," ó ní. "Wọ́n ti sin wọ́n kó tó dé ọwọ́ mi. Wọ́n ní ìjọba ti ti apá kan pa nínú fóònù àwọn, ṣùgbọ́n kí n má dààmú, pé ọmọ kíláàsì mi tí àwọn kọ́ ní Bíbélì kíkà ló wà nídìí bọ́ọ̀dù, pé ó ní òun máa ṣí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ka iye ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ àti ìgbà tí wọ́n ṣubú. Ọ̀sẹ̀ méje ni."

N kò lè gbójú sókè. Mo ní, "Èmi ni mo yọ píìnì wọn. Kì í ṣe òjò."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe òjò. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni."

"Dárí jì mí."

Ó wo kọ́ọ̀bù òfo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ti ń gbìyànjú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ọjọ́ mìíràn wà tó máa ń ṣeé ṣe. Ọjọ́ mìíràn wà tí kì í ṣeé ṣe."

"Òní ńkọ́?"

"N kò tíì mọ̀," ó ní.

Ó béèrè pé ṣé mo lè fi ojú oórì hàn án, nítorí ó ti lọ lánàá, igbó ti bò ó, kò dá a mọ̀. Mo mú àdá, a jọ lọ. A ṣán igbó náà títí oòrùn fi wọ̀ wá lára, àwa méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó gba ọ̀nà Òṣogbo lọ. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ó ń béèrè ara mi, mo ń béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. A kì í mẹ́nu kan Màmá.